Ọta magnum mẹ́ta tí mo ti fi dọdẹ elk, àti èyí tó kù lọ́wọ́ mi

Ìbọn tí mo kọ́kọ́ fi pa elk kò sí nílé mi mọ́, mo ti tà á. Òun ló lágbára jù nínú gbogbo ìbọn tí mo ti ní, agbára yẹn náà ló sì mú kí n tà á. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń lọ sí igbó orí òkè Flat Tops, ní ìwọ̀-oòrùn Colorado ní Amẹ́ríkà, bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ. Ọta magnum mẹ́ta, ìyẹn ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀ ju ti ọta lásán lọ, ni mo ti gbé gun òkè yẹn: .338 Winchester Magnum, .300 Winchester Magnum àti 7mm Remington Magnum. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọdẹ níbí kì í yéé bi mí pé èwo ni kí àwọn rà, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá tíì rí elk rí, kó ronú àgbọ̀nrín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹṣin, tí akọ rẹ̀ lè wúwo tó kílò 300. Ọdẹ ni bàbá mi ní apá Òkè-Ògùn, ṣakabùlà ni ìbọn wọn. Wọ́n á ki ẹ̀tù sí i, wọ́n á rọra máa yọ́ lọ títí ẹran á fi ku bí ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n sí wọn kí wọ́n tó yìn ín. Ohun tí èmi mú kúrò nílé ni pé ìbọn ńlá ló ń pa ẹran ńlá. Nígbà tí ẹni tó ta ìbọn fún mi wá sọ pé .338 ni kí n mú, pé ìyẹn kò ní já mi kulẹ̀, n kò bi í léèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún 1958 ni Winchester gbé .338 jáde. "Alaskan" ni wọ́n pe ìbọn Model 70 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un, orúkọ yẹn sì ti sọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà: Alaska, níbi tí béárì ńlá àti moose, àgbọ̀nrín tó tún tóbi ju elk lọ, wà. Orí ọta rẹ̀ tí mo ń lò wúwo tó gréènì 225 (bíi gíráàmù 15), ó sì ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ti ń lọ síwájú bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ta padà sí èjìká ẹni tó yìn ín. Nínú ìbọn tó wúwo tó pọ́ùn mẹ́jọ ààbọ̀, ìtapadà .338 tó bíi 33 fùútù-pọ́ùn, òṣùwọ̀n agbára nìyẹn. Ti .300 tó bíi 26, ti 7mm sì tó bíi 20.

N kò mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Ọ̀rẹ́ mi kan ló tú àṣírí mi ní pápá ìyìnbọn. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ bá mi kì í, ó sì fi kòròfo sí i láìsọ fún mi. Mo fi ìdí ìbọn sí èjìká, mo wo inú awò, mo fa á. Ó dún kẹ́, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ti rì wálẹ̀, ojú mi méjèèjì ti dì, eyín mi ti wa pọ̀. Kí ọta tó jáde rárá ni mo ti ń sá fún un.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti yin akọ elk kan ní nǹkan bí yáàdì 180, tí ọta gba ẹ̀yìn ìhà dípò kó gba ẹ̀yìn apá níbi tí ẹ̀dọ̀fóró wà. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín. Nígbà tí mo dé ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ó ṣì gbé orí sókè, ó ń wò mí. Mo parí rẹ̀ níbẹ̀. N kò tíì gbàgbé ojú yẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rí irú rẹ̀.

Bí mo ṣe bọ́ sí .300 nìyẹn. Ọdún 1963 ló jáde, orí ọta gréènì 180 rẹ̀ ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 2,960, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn tí mo wọ̀ tí n kò bá a. Mo fi pa elk mẹ́ta. Àríyànjiyàn tí mo ní pẹ̀lú rẹ̀ kò ju ti ẹran abo kan tí mo bá lójijì láàárín igi, kò ju yáàdì 60 lọ. Ó ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bó awọ apá, gbogbo ẹran ibẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀jẹ̀ dídì, ó ń rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, àfọ́kù òjé sì wà káàkiri inú rẹ̀. Apá kan odidi ni mo gé dànù.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé orí ọta ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí ara páálí lọ. Ní 1946, ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan, John Nosler, yin moose kan ní British Columbia, ní Kánádà, pẹ̀lú .300 H&H Magnum. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ara ẹran náà, ọta ń fọ́ kó tó wọlé dé ibi tó yẹ. Ó lọ ṣe orí ọta tó fi bàbà dábùú láàárín, tí òjé iwájú ń fẹjú, tí ti ẹ̀yìn ń dúró. Partition ló pè é, ó sì ń tà á láti 1948. Látìgbà tí mo ti ń lo irú orí ọta tí kì í fọ́ ká bẹ́ẹ̀, n kò gé apá dànù mọ́. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀yìn ru itan elk sọ̀kalẹ̀ ní òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, tó tún padà lọ gbé òmíràn, á mọ ohun tí mo ń sọ.

Èyí tí mo ń gbé báyìí ni 7mm Remington. Ó jáde ní 1962 pẹ̀lú ìbọn Model 700. Orí ọta gréènì 160 rẹ̀ ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 2,950. Ẹ tún ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe kí wọ́n gba ojú àmì ní yáàdì 200, ẹ wá yìn wọ́n ní 300: gbogbo wọn á ré wálẹ̀ láàárín ínṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Elk kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, èjìká mi ni ó mọ̀ ọ́n. Mo lè yin ogún ọta 7mm láàárọ̀ kan ní pápá, kí n ṣì máa la ojú. Abo tí mo pa lọ́dún tó kọjá wà ní yáàdì 240, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó wó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrùka tó wà ní ìdí ọta tàn yín. Ara .375 Holland & Holland ti 1912 ni wọ́n ti jogún rẹ̀; ọta yẹn ló nílò rẹ̀ kó lè dúró dáadáa nínú ìbọn, nítorí pé ara rẹ̀ rọra tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè ni, kò ní èjìká gidi, ìyẹn ibi tí ara ọta ti sún kì kó tó di ọrùn. .300 àti 7mm ní èjìká tiwọn. Òrùka yẹn kò fi agbára kankan kún wọn.

Ẹni tó ń lọ bá béárì ńlá ní Alaska, tí èjìká rẹ̀ sì gbà á, .338 ni kó mú, n kò ní bá a jiyàn. Ní Colorado níbí, ohun tí òfin béèrè fún elk kò ju kí ẹnu ìbọn fẹ̀ tó ínṣì .24, kí orí ọta wúwo tó gréènì 85, kó sì ṣì ní 1,000 fùútù-pọ́ùn ní yáàdì 100. Bí ẹ bá ti ní .30-06, ọta tí kì í ṣe magnum, nílé tí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn, ẹ má tíì ra magnum kankan. Ẹ fi owó yẹn ra ọta, kí ẹ lọ máa yìn ín ní pápá.