Àga tí wọ́n gbàgbé sí Detroit, àti omi tó pọ́n bí àgbo

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ilé-iṣẹ́ tó kó wa lọ wo omi Tahquamenon tó ń já láti òkè, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, kí n tó sanwó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sọ fún wọn pé orúnkún ń da màámi láàmú, pé wọ́n ti pé ọdún 78. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí ọkàn mi balẹ̀, pé àga onítáyà ń bẹ nínú bọ́ọ̀sì.

A kúrò ní Detroit kí ilẹ̀ tó mọ́, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Karùn-ún. Awakọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Kò sá eré àsápajúdé, ó sì rọra gun afárá Mackinac, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá ọkọ̀. Nígbà tí a dé ọgbà Tahquamenon, lápá àríwá Michigan lọ́hùn-ún, mo ní kí wọ́n gbé àga wá. Afinimọ̀nà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo abẹ́ ìjókòó, ó tún padà lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ní àga wà ní Detroit. Mo ní kí la wá fẹ́ ṣe? Ó ní, "Ẹni tí kò bá lè rìn, kó dúró dè wá nínú ọkọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni."

Màámi gbọ́. Wọ́n tún gèlè wọn so, wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, ẹ ya fọ́tò wá fún mi." Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Wákàtí tó lé ní márùn-ún la fi jókòó wá! Mo bi ọkùnrin náà pé bó bá ṣe ìyá tiẹ̀ ni, ṣé inú ọkọ̀ ni yóò fi wọ́n sí? Kò wojú mi. Aago ló ń wò.

Òṣìṣẹ́ ọgbà kan tó ń gbálẹ̀ nítòsí ló gbọ́ ohùn mi. Kò bi mí ju "Ṣé ìyá yín ni?" lọ. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ti àga kan dé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti màámi gba ọ̀nà ọlọ́dà dé ibi ìwòran.

Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà ìrúwé ni kí ẹ lọ. Yìnyín tó yọ́ nínú igbó ló ń kún odò náà nígbà yẹn. Omi ọ̀hún ń já láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50, ó fẹ̀ ju 200 lọ, etí yín ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ó pọ́n, torí oje igi sídà inú irà ló ń ro sínú odò. Màámi wò ó títí. Wọ́n ní, "Àgbo ni wọ́n ń sè níbí." Wọ́n ti gun Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí nígbà ọmọge, ṣùgbọ́n omi ti ibẹ̀ funfun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n dákẹ́.

Èmi nìkan sọ àtẹ̀gùn 94 kalẹ̀ lọ sétí ibi tí omi ti ń ṣubú. Ó fọ́n sí mi lójú, ó tutù wọ eegun.

Òṣìṣẹ́ yẹn ní ká gbé àga náà lọ sí omi kékeré tó wà nísàlẹ̀ odò. Afárá ló wọ erékùṣù ibẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn. Kí n tó di ọwọ́ àga mú, afinimọ̀nà ti dì í mú. Kò sọ nǹkan kan. Ó ti màámi sọdá, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ní ó tó, aago kankan ò sí mọ́.

Oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ náà fún wa tutù, kò dùn. Mo béèrè pé kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, wọn ò fèsì.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Méjì ni mo kọ́kọ́ kọ. Màámi ní ọmọ tó ti àwọn sọdá afárá ni kí n fún ní máàkì.