Drums of Passion: ìlù Olatunji àti àwọn tó tún Jin-go-lo-ba kọ

Àwo yìí jù mí lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ orí fóònù ni mo ti sanwó rẹ̀, sípíkà kékeré tí mo rà ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo sì fi ń gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ àwo orin Columbia ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960. Ọmọ Àjídó lẹ́bàá Badagry ni Babatunde Olatunji tó ni ín. Ìwé ló bá lọ sọ́hùn-ún lọ́dún 1950, ìlù ló wá sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Orin mẹ́jọ, kò sí gìtá níbẹ̀ rárá. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, ẹnu.

Orin Jin-go-lo-ba inú rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ rà á. Olatunji ń dá, àwọn obìnrin ń gbè, ìlù ńlá ń dún lábẹ́ rẹ̀ débi pé ife orí tábìlì mi ń gbọ̀n. Bàbá onílù kan ládùúgbò wa ní Ìsìkàn yà wọlé, wọ́n tẹ́tí, wọ́n ń fìka lu apá àga.

"Ọwọ́ rẹ̀ le. Àmọ́ kì í ṣe ọmọ àyàn."

"Bàbá, ọ̀gá ni ní Amẹ́ríkà o."

"Ṣé mo ní kò mọ̀ ọ́n lù ni? Àwọn tó ń gbè yìí ńkọ́, ará ibo ni wọ́n?"

Etí àgbà! Ọmọ Amẹ́ríkà pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń gbè é, Yorùbá ẹnu wọn sì ń fì díẹ̀.

Santana, ẹgbẹ́ olórin Carlos Santana onígìtá ní Amẹ́ríkà, tún Jin-go-lo-ba kọ lọ́dún 1969, Columbia kan náà ló gbé e jáde. Wọ́n kọ ọ́ ní Woodstock, àjọ̀dún orin ńlá ní Amẹ́ríkà, lọ́dún yẹn. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kí ègbè tó ráyè lanu, gìtá ti dáhùn tán.

Ti Serge Gainsbourg, olórin ará Faransé, ló bí mi nínú. Lọ́dún 1964 ó kó orin náà, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé sí i, ó pè é ní Marabout. Akiwowo, orin mìíràn nínú àwo Olatunji, náà di New York U.S.A. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sára àwo, kò sí ti Olatunji. Orin ọ̀hún dùn o, olè sì ni.

Candido, onílù ọmọ Kúbà, sọ Jin-go-lo-ba di orin ijó disco lọ́dún 1979. Òun ni kí ẹ gbé fún DJ tí ẹ bá ń ṣe òde. Fatboy Slim, DJ ará Gẹ̀ẹ́sì, náà fọwọ́ kàn án lọ́dún 2004, n ò gbọ́ ọ parí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún àwo Olatunji. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ọdún rẹ̀ dáadáa: Drums of Passion: The Beat tó jáde lọ́dún 1989 kì í ṣe òun, Carlos Santana ló bá a ta gìtá nínú ìyẹn.