Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ta hẹ́dífóònù "gbogbo gẹ́ẹ̀mù ló ń bá ṣiṣẹ́" o

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ń wá hẹ́dífóònù aláìníwáyà tẹ́ ẹ máa fi gbá gẹ́ẹ̀mù lórí PS5 tàbí Xbox, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì sanwó fẹ́nikẹ́ni. Wọ́n ti lu èmi ní jìbìtì. Kì í sì í ṣe pé mo kàn sáré rà á o, mo béèrè ìbéèrè, mo wo fídíò, mo ka ohun táwọn tó ti rà á kọ sábẹ́ ọjà, síbẹ̀ mo kó sí páńpẹ́ ẹ̀.

Bó ṣe lọ nìyí. Mo rí ìpolówó hẹ́dífóònù dúdú kan tó rẹwà, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i pé Bluetooth 5.3, PS4, PS5, Xbox, Switch, fóònù, kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tí kò ní bá ṣiṣẹ́. Mo bi ọkùnrin tó ń tà á pé ṣé ó dá a lójú pé PS5 máa gbà á, torí mo ti gbọ́ ọ fìrí níbì kan pé PS5 àti Bluetooth ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, dongle wà nínú páálí, ẹ kàn máa kì í bọ ojú USB ni, ó tán." Dongle ni nǹkan kékeré tí wọ́n máa ń ki bọ ojú USB kí nǹkan aláìníwáyà lè bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà wá fi fídíò ránṣẹ́ sí mi.

Fídíò yẹn ló pa mí. PS5 wà lórí tábìlì kan tí etí ẹ̀ ti bó, ọwọ́ kan ń tẹ páàdì, gẹ́ẹ̀mù ìbọn ń lọ lórí TV, ó tan hẹ́dífóònù, TV dákẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà, ó wá gbé hẹ́dífóònù sún mọ́ fóònù tó fi ń ya fídíò, mo sì ń gbọ́ ìbọn nínú ẹ̀ ketekete. Kí ni mo tún fẹ́ rí? Mo sanwó.

Ọjà dé. Mo ki dongle bọ PS5, iná búlúù ẹ̀ ń ṣẹ́jú, hẹ́dífóònù náà ń sọ fún mi létí pé òun ń wá ẹni tóun máa kónẹ́ẹ̀tì sí, a jọ jókòó báyẹn fún bí ìṣẹ́jú 20, kò sẹ́ni tó rí ẹnì kejì ẹ̀. Mo wọnú sẹ́tìnì, mo lọ síbi Bluetooth tó wà nínú PS5 fúnra ẹ̀, orúkọ hẹ́dífóònù jáde lóòótọ́, inú mi dùn, mo tẹ̀ ẹ́, PS5 lóun ò gba hẹ́dífóònù lórí Bluetooth.

Ibi tí wọ́n ti ń rí wa mú gan-an nìyẹn. PS5 ní Bluetooth, òun náà ni páàdì fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí náà téèyàn bá gbọ́ pé hẹ́dífóònù kan ní Bluetooth á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àmọ́ Sony tó ṣe PS5 ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún ohùn, látìgbà PS4 lọ́dún 2013 ni wọn ò ti ṣí i, PS5 tó jáde lọ́dún 2020 náà ò sì yàtọ̀. Bluetooth 5.3 tí wọ́n kọ sára páálí ò kan ọ̀rọ̀ yìí rárá, kó tiẹ̀ jẹ́ 10.

Dongle tó máa ń ṣiṣẹ́ fún PS5 wà o, mi ò ní kò sí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa tan PS5, á ní "èmi hẹ́dífóònù USB ni mí," PS5 á gbà á gbọ́, á kó ohùn fún un, òun á wá fi Bluetooth tiẹ̀ tàbí 2.4 GHz tiẹ̀ (ọ̀nà aláìníwáyà míì tó yàtọ̀ sí Bluetooth) gbé ohùn yẹn wá sétí yín. Èyí tí ọkùnrin yìí kó fún mi kì í ṣe irú ẹ̀. Dongle Bluetooth fún kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tẹ́ni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ò ní Bluetooth máa ń rà. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé mo ki dongle náà bọ kọ̀ǹpútà mi, kọ̀ǹpútà kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ Bluetooth, níbi tí wọ́n ti ń yan ibi tóhùn máa gbà jáde, kò sí níbẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ dongle gidi ni, ibi ohùn yẹn ló máa jáde sí fúnra ẹ̀, láìtíì kónẹ́ẹ̀tì ohunkóhun. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti dán an wò, ẹ bá mi fi sọ́kàn.

Mo wá padà sídìí fídíò. Mo wò ó tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó rí i. Nígbà tó fọwọ́ kan hẹ́dífóònù kí ohùn lè lọ sókè, ìlà kékeré kan yọ nísàlẹ̀ TV, ìlà TV fúnra ẹ̀ ni, kì í ṣe ti PS5, àmì Bluetooth sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọkùnrin yìí ò so nǹkan kan mọ́ PS5! TV ló so ó mọ́, dongle tó dúró síwájú PS5 tó ń tàn yẹn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Nígbà tí mo sì tẹ́tí dáadáa, iná ìbọn á ti tàn lójú TV kí ìró ẹ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohùn tó ń falẹ̀ yìí torí òun náà ni wọ́n fi ń jẹun lára wa. Ohùn Bluetooth tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn SBC tó wà lára gbogbo hẹ́dífóònù Bluetooth, ó sábà máa ń pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé etí yín. Ẹni tó ń wo fíìmù lè má mọ̀, torí wọ́n lè mú kí àwòrán dúró de ohùn, àmọ́ gẹ́ẹ̀mù ò lè dúró de ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín wọ́n ti pa yín. Àwọn tó ń tajà ti mọ̀ pé a kórìíra ẹ̀, wọ́n á wá kọ "aptX Low Latency" sínú ìpolówó. Ìyẹn, irú ohùn Bluetooth tó tètè ń dé, máa ń já a wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá (40 ms) lóòótọ́, ṣùgbọ́n dongle àti hẹ́dífóònù méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní i, tí ọ̀kan ò bá ní i, SBC náà ni wọ́n máa padà sí, wọn ò sì ní sọ fún yín. Lára páálí tèmi, mo wá aptX títí, mi ò rí i. Inú ìpolówó nìkan ló mọ sí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni bó ṣe fọjọ́ gùn mí. Mo kọ̀wé sí i lọ́jọ́ tọ́jà dé, ó ní kí n ṣe update PS5. Mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n ṣáàjì hẹ́dífóònù mọ́jú. Mo ṣáàjì ẹ̀ mọ́jú. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì méjèèjì pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó ní ojú USB ẹ̀yìn ni kí n lò torí tiwájú ò lágbára (irọ́ gbuu), ó ní ẹnjiníà àwọn máa pè mí. Mo jókòó ti fóònù lódindi ọ̀sán ọjọ́ kan bí ẹni tó ń retí ìyàwó, ẹnjiníà ò pè. Ó sì ń fi sùúrù dáhùn mi ní gbogbo àsìkò yẹn o, "ẹ má bínú ọ̀gá mi," "a wà pẹ̀lú yín ọ̀gá mi." Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ ó kọ̀wé pé ọjọ́ 7 téèyàn fi lè dá ọjà padà ti kọjá, àti pé hẹ́dífóònù náà ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, torí náà kò bà jẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ ló ń kà látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo ti rí ìlà TV nínú fídíò, ó blọ́ọ̀kù mi.

Àwọn tó kọ ọ́ pé ọjà náà dáa ńkọ́? Mo padà lọ kà wọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ: "ohùn ẹ̀ dùn," "ṣáàjì ẹ̀ máa ń pẹ́." Orí fóònù ni gbogbo wọn ti ń lò ó. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó dárúkọ gẹ́ẹ̀mù, èmi ni mi ò fojú sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo pariwo, ìyá kan kọ̀wé sí mi pé ọwọ́ ẹni yìí náà lòun ti rà á fún ọmọ òun, Xbox ni tiwọn. Tiwọn tiẹ̀ burú ju tèmi lọ. Xbox ò gba ohùn Bluetooth rárá, kì í sì í gba dongle USB kan ṣá bíi PS5, nǹkan tí Microsoft tó ṣe Xbox fọwọ́ sí nìkan ló máa ń dá lóhùn. Ìdí nìyẹn tí hẹ́dífóònù tó bá jẹ́ ti Xbox lóòótọ́ fi máa ń ní "Designed for Xbox" tàbí "Xbox Wireless" lára páálí. Ohun tí wọ́n kó fún màmá yìí ni Xbox Wireless Adapter, ojúlówó ni o, orúkọ Xbox wà lára ẹ̀, ta ni ò ní gbà? Àmọ́ kọ̀ǹpútà Windows ni wọ́n ṣe é fún, kí páàdì Xbox lè bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ Xbox, òkúta lẹ kì bọ̀ ọ́. Èyí tí mo mọ̀ tó lè ran ẹni tó ní Xbox lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ kékeré Bluetooth tí wọ́n máa ń ki bọ ihò wáyà hẹ́dífóònù (3.5 mm) lára páàdì, tó ń gba ohùn níbẹ̀ tó wá ń fi Bluetooth gbé e lọ, ìyẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohùn ẹ̀ náà lè falẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra àlòkù, tiyín tún yàtọ̀. Àwọn hẹ́dífóònù gẹ́ẹ̀mù gidi tó ń lo 2.4 GHz, dongle wọn ni ẹ̀mí wọn. Ẹni tó ti sọ tiẹ̀ nù á wá polówó hẹ́dífóònù náà, "ó mọ́ tónítóní, kò ní àléébù," kò ní dárúkọ dongle, tẹ́ ẹ bá béèrè á ní ẹ lè ra òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, dongle tí wọ́n bá a bí nìkan ló mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í sábà tà á lọ́tọ̀. Bí dongle ò bá sí nínú fọ́tò, ẹ máa bá tiyín lọ.

Tí Switch ti Nintendo ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ rọrùn díẹ̀. Látìgbà update 13.0.0 tó jáde ní September 2021 ló ti ń gba hẹ́dífóònù Bluetooth fúnra ẹ̀, torí náà tẹ́nì kan bá ń fi dandan ta dongle fún yín torí Switch, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ kàn mọ̀ pé máìkì Bluetooth ò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, páàdì aláìníwáyà ò sì lè ju méjì lọ tẹ́ ẹ bá ti so hẹ́dífóònù mọ́ ọn.

Ohun tó yẹ kí n ti béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ni pé kó ya fídíò mìíràn, kó wọ sẹ́tìnì PS5, Sound, Audio Output, kí n rí i pé hẹ́dífóònù USB hàn níbẹ̀, kó wá yọ dongle lójú mi kí n rí i bóyá ohùn máa padà sórí TV. Kó tún sọ̀rọ̀ sínú máìkì, torí ọ̀pọ̀ dongle tó ń gbé ohùn jáde dáadáa ni kì í gbé ohùn wọlé. Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, tàbí pé ẹni tó ń ya fídíò ò sí nílé, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ní báyìí wáyà tó wà nínú páálí ni mò ń lò, mo ki apá kan bọ hẹ́dífóònù, mo ki èkejì bọ ihò abẹ́ páàdì, ohùn ń jáde, kò falẹ̀, hẹ́dífóònù aláìníwáyà mi ti di oníwáyà. Lánàá mo tún rí fídíò yẹn lábẹ́ orúkọ mìíràn, hẹ́dífóònù funfun ló ń tà báyìí. Tábìlì tí etí ẹ̀ ti bó yẹn náà ni, àmọ́ ó ti gé ìsàlẹ̀ TV kúrò.