Forest Watcher: áàpù tó ń bá mi wọ igbó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé Forest Watcher wọ igbó, mi ò gba máàpù sílẹ̀ sórí fóònù kí n tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. A rin wákàtí mẹ́rin, mo ṣí i, funfun báláú! Bàbá tó ń ṣáájú wa kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àwọn mọ ọ̀nà ní tiwọn.

Tí ẹ bá ti gba máàpù sílẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe mọ́ nínú igbó. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ó fa ìlà yí igbó tí ẹ ń ṣọ́ ká lórí máàpù, àmì yóò sì yọ níbi tí sátẹ́láìtì Landsat ti rí i pé igi ti pòórá. Yunifásítì Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe ìkìlọ̀ Landsat yìí, èyí tí àmì náà dúró fún. Ilẹ̀ tó tó 30 mítà níbùú lóròó ni àmì kan gbà. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ tí ẹ bá padà délé. Ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ áàpù náà kò mọ ẹni tó gé igi. Àmì mẹ́ta la ní lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wo àkọ́kọ́, wọ́n ní odò ló jẹ etí ilẹ̀ ibẹ̀, ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Ìkejì, oko àbúrò wọn ni. Ìkẹta ló mú wọn dákẹ́. Nígbà tí a débẹ̀, kùkùté ṣì ń ṣoje, ojú ọ̀nà tí wọ́n fi wọ́ gẹdú lọ sí etí odò sì hàn kedere.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá àwọn tó ń ra fóònù fún ẹ̀ṣọ́ igbó jà pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá owó fún ẹni tó mọ igbó. Ní Loreto, ní Peru, wọ́n fi irú ìkìlọ̀ yìí lé àwọn ará abúlé lọ́wọ́, wọ́n sì sanwó fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé, ojú omi ni àwọn tó ń gbé ìkìlọ̀ náà lọ fún wọn ń gbà. Ìwádìí tó jáde ní 2021 rí i pé ìparun igbó fi 52% dín kù lọ́dún àkọ́kọ́, ó fi 21% dín kù lọ́dún kejì.

Tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, Landsat ò ríran, àmì á sì pẹ́ kó tó yọ. Ìyẹn ni mo ṣe fún áàpù náà ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ gbé bátìrì àfikún dání. Bàbá ṣì ń fi funfun báláú yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.