Ẹ̀gbẹ́ Oòrùn Tàbí Ẹ̀gbẹ́ Ìbòòji: Èwo Ni Ká Rà Lójú Fèrèsé Bàálù?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìjókòó ojú fèrèsé nítorí àtiwo ilẹ̀ àti omi láti òkè sábà máa ń ronú lórí bóyá iwájú ni kí òun jókòó sí tàbí ẹ̀yìn. Ìrònú náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ ni ọwọ́ tí oòrùn yóò wà. Mo ti jókòó sí ìhà méjèèjì, èyí tí mo sì san owó lé gan-an ni ó já mi kulẹ̀.

Ìrìn àjò ọ̀sán ni, láti ilẹ̀ Yúróòpù lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gba orí Greenland, erékùṣù ńlá tí yìnyín bò ní àríwá, kọjá, nítorí pé ayé rí roboto, ọ̀nà tí ó yá jùlọ láàárín ibi méjèèjì sì máa ń tẹ̀ sókè sí àríwá. Òkè yìnyín ni mo fẹ́ wò. Mo mú ọwọ́ òsì láìbìkítà, mo ní bí oòrùn bá tilẹ̀ ń ta sí mi lójú fún wákàtí kan tàbí méjì, yóò kọjá lọ. Kò kọjá. Ẹni tí ó ń fò lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń bá oòrùn rìn ni: ní ibi tí ìpẹ̀kun gúúsù Greenland wà, ilẹ̀ ayé ń yí ní nǹkan bíi kìlómítà 835 ní wákàtí kan, eré tí bàálù ńlá ń sá kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Nítorí náà, oòrùn tí ó wà ní gúúsù nígbà tí a gbéra kò kúrò lápá òsì mi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Gbogbo ibi tí nǹkan ti ha gíláàsì náà ń tàn yanran, fọ́tò mi funfun báláú, alájọjókòó mi sì rọra bẹ̀ mí pé kí n fa ìbòjú fèrèsé sílẹ̀ kí òun lè sùn. Mo fà á sílẹ̀. Nígbà tí mo dìde láti na ẹsẹ̀, mo bẹjú wo fèrèsé kan lọ́wọ́ ọ̀tún, mo sì rí yìnyín tí ó ń ṣàn wọ inú òkun láàárín àwọn òkè, ó mọ́ kedere, nítorí pé ẹ̀yìn wa ni oòrùn ti ń tànmọ́lẹ̀ sí i.

Àǹfààní ẹ̀gbẹ́ ìbòòji nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí ohun tí à ń wò, kì í bọ́ sójú ẹni, fèrèsé sì lè wà ní ṣíṣí pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ráhùn. Ní ìlàjì àríwá ayé, ọwọ́ ọ̀tún ni fún ẹni tí ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn lọ́sàn-án, ọwọ́ òsì sì ni fún ẹni tí ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ìlàjì gúúsù, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ gúúsù ni a dorí kọ, kí a mú ọ̀tún ní òwúrọ̀ àti òsì ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ oòrùn ní tirẹ̀: àwọ̀ ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, àti odò tí ń dán bíi wúrà nísàlẹ̀.

Ní ti iwájú àti ẹ̀yìn, apá bàálù kì í dí ẹni tí ó bá jókòó síwájú rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì lè mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n lójú ẹni. Kí a sì ṣọ́ra, nítorí pé ní àwọn ìlà ìjókòó kan, ògiri lásán ni a óò bá níbi tí ó yẹ kí fèrèsé wà. Nínú Boeing 787, kò sí ìbòjú tí a ń fà rárá. Gíláàsì náà ni ó ń ṣókùnkùn, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sì lè mú gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tí ó fẹ́ràn wíwọ̀ oòrùn ju òkè àti erékùṣù lọ kò ṣìṣe bí ó bá mú ẹ̀gbẹ́ oòrùn, bí ó bá ti lè fara da wákàtí tí yóò ṣáájú rẹ̀. Èmi ti jókòó sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ ìbòòji, nígbà tí ìjókòó iwájú ṣì ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ kejì.