Àgbéyẹ̀wò: Ọjọ́ kan pẹ̀lú amọ̀nà nínú àbàtà South Carolina

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan nítòsí ìlú Beaufort, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ni mo sanwó fún láti mú wa wo ACE Basin, ilẹ̀ àbàtà tí odò Ashepoo, Combahee àti Edisto ń gbà wọ òkun. Ìpolówó wọn ṣèlérí pé a ó rí ilẹ̀, ẹranko àti ènìyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n mú ti ilẹ̀ àti ẹranko ṣẹ. Ti ènìyàn ni wọ́n fi ìkánjú bà jẹ́.

Atukọ̀ wa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó nàka sí ẹranko kankan, ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí òkun ṣe ń kún tí ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí omi sì lè fi ohun tó ju mítà méjì lọ gòkè, débi pé ẹrẹ̀ tó hàn gbangba láàárọ̀ ti rì kí ọ̀sán tó pọ́n. A rí dolphin, idì olórí funfun àti àwọn àkọ̀ tí ń ṣọdẹ ẹja. A rí alligator náà, ìbátan ọ̀nì, ṣùgbọ́n atukọ̀ kọ̀ láti sún mọ́ ọn, ó sì ṣe dáadáa.

Àwọn oko ìrẹsì àtijọ́ ló wọ̀ mí lára jù. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì bíi Sierra Leone, ni wọ́n gé igbó irà náà, tí wọ́n mọ ògiri ẹrẹ̀ yí i ká, tí wọ́n sì ṣe ìlẹ̀kùn onígi tí ń gba omi odò wọlé nígbà tí òkun bá tì í gòkè, tí ó sì ń tú u jáde nígbà tí òkun bá fà. Lórí Combahee yìí kan náà ni Harriet Tubman, obìnrin tí òun náà ti sá kúrò lóko ẹrú, ti ṣamọ̀nà ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà ọdún 1863, tí ẹrú tó lé ní 700 fi gba òmìnira.

Lọ́sàn-án, awakọ̀ kan tó ń ka ọ̀rọ̀ látinú ìwé gbé wa lọ sí erékùṣù St. Helena, níbi tí àwọn Gullah, àrọ́mọdọ́mọ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbẹ̀, ń gbé. A kò ráyè wo Penn Center dáadáa, ibi tí wọ́n ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1862. Ìyá àgbà kan tó ń ta apẹ̀rẹ̀ koríko ló sọ ohun tó yẹ kí awakọ̀ sọ fún wa: ilẹ̀ tí baba ńlá rà lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí kò sì ṣe ìwé ìhágún sí, di ti gbogbo àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, oníṣòwò ilẹ̀ a wá ra ìpín ẹnìkan, a sì gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n lè ta gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí nílé wa kò nílò àlàyé púpọ̀. Òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2016 fún àwọn ìbátan láyè láti kọ́kọ́ ra ìpín náà.

Ẹ yẹra fún oṣù keje àti ìkẹjọ, nítorí ooru àti kòkòrò. Ìgbà ìjì líle bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹfà dé ìkọkànlá, nítorí náà ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí owó ẹni bí ìjì bá dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tí Adefunmi, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan, dá sílẹ̀ ní 1970 lórí àṣà àti òrìṣà Yorùbá, wà nítòsí Sheldon, ṣùgbọ́n kò sí nínú ètò wọn rárá, èyí tó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń ta ìrìn odò lọ́tọ̀. Òun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi ọkọ̀ ara yín lọ sí St. Helena àti Ọ̀yọ́túnjí.