Ọ̀pẹ àti igi òrí: ilẹ̀ wo ló bá èwo mu?

Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí á rí i láti ojú fèrèsé: ọ̀pẹ ń dín kù, igi òrí ń pọ̀ sí i. Ọ̀pẹ fẹ́ òjò púpọ̀, àmọ́ kò fẹ́ràn òjìji igbó dídí. Etí odò àti ahoro ìlú àtijọ́ ló ti ń pọ̀. Ọ̀dàn ni ti igi òrí, láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Uganda. Èèpo rẹ̀ nípọn, iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún 15 kó tó so. Abájọ tí àgbẹ̀ fi ń gbin ọ̀pẹ, tó kàn ń dá igi òrí sí lóko. Témi bá ní ilẹ̀ l'Ókè-Ògùn, mi ò ní gé ẹyọ kan.